Ọwọ́ Ọ̀tún Bí A Bá Ń Lọ Sí Ọjà

Bí ẹ bá dé Ìṣẹ́-Èkìtì lónìí, tí ẹ bá bèèrè ilé Gbádégẹṣin Afọláyan, àwọn aláwàdà àdúgbò á kọ́kọ́ bi yín pé, "Èwo nínú rẹ̀?" Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ní ilé méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn náà sì ń jò. Ṣùgbọ́n oṣù méje gbáko wà tí ó fi jẹ́ pé, nínú ọkàn ara rẹ̀, ilé méjì ló ní, èyí tó dára jù nínú méjèèjì sì ni èyí tí ẹlòmíràn ń gbé.

Gbádégẹṣin kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi bá àwọn sọ̀fíyọ̀ ìjọba fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ nínú igbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó di orí ṣéènì mú, kí ó dúró síbi tí ọ̀gá bá ní kí ó dúró, kí ó sì ri òpó símẹ́ńtì mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá ló ń wo awò, ọ̀gá ló ń kọ̀wé, ọ̀gá ló ń buwọ́ lùwé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn iṣẹ́ náà, ẹ ó rò pé ọ̀gá ló ń bá a gbé omi mímu. Bí ẹni méjì bá ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ààlà oko, yóò ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. "Ulẹ̀ kì í purọ́," ni yóò wí. "Ùwé náà kì í purọ́. Ènìyàn ni í purọ́."

Ilé tó ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bàbá bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn dojú kọ ọ́ ní òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n jọra bí ìbejì, àwọn ará àdúgbò sì máa ń fi wọ́n yangàn fún àlejò pé láti ayé Ayaba Fitóríà ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìtọ́jú ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti òdìkejì, páánù rẹ̀ mọ́, fèrèsé rẹ̀ pé, igi tí wọ́n gbẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ kò yọ kan. Ti Gbádégẹṣin, igi méjì ni wọ́n fi ti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà wó, páánù rẹ̀ sì ti pọ́n bí àádùn.

Màmá Rachael Ògúnyẹmí ló ń gbé ilé tó dára yẹn. Opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọgọ́rin ọdún, gbogbo ìlú sì ń pè é ní Màmá Tíṣà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Blessing àti Peace, wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Òun ló kọ́ Gbádégẹṣin ní kíláàsì kẹta, òun ló fi ẹgba kọ́ ọ pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ènìyàn. Ní àràárọ̀ ni Gbádégẹṣin máa ń sọdá lọ kí i, ní gbogbo Sátidé sì ni Màmá Tíṣà máa ń fi àkàrà ránṣẹ́ sí òun àti Mojírádé ìyàwó rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé láti nǹkan bí ogójì ọdún, láìjà, láìta, kí ìwé tó dé.

Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta ló mú ìwé dé. Ó jò sórí àpótí páánù bàbá àgbà, Mojírádé sì ní kí ọkọ òun gbé e kúrò níbẹ̀ kó tó dípẹtà tán. Gbádégẹṣin ṣí i láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wù òyìnbó kan tí kòkòrò ti jẹ wà níbẹ̀, àti gíláàsì ojú tó ti fọ́, àti ìwé gígùn kan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn dì. Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń lo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá níbi tí méjì tó. Gbádégẹṣin jókòó lórí àga, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé náà ní lọ́dún 1944, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bámigbóyè, tó jẹ́ agbégilódò, ta ilé kan fún Afọláyan, bàbá àgbà rẹ̀. Bí a bá sì yọ ìsọkúsọ kúrò nínú rẹ̀, báyìí ló ṣe ṣàpèjúwe ilé náà: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà bí a bá ń lọ sí ọjà, tí ó dojú kọ ilé tí Jeremáyà Kátíkíìsì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Gbádégẹṣin ká ìwé náà, ó jáde sójú ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà ọjà, ó dúró ṣinṣin bí ẹni tí ọ̀gá ní kó di ṣéènì mú. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí ilé Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, rò pé ó ń kí òun ni, òun náà sì juwọ́ sí i.

Ara Gbádégẹṣin gbóná, lẹ́yìn náà ó tutù. Àṣé bàbá àgbà òun ló ra ilé rere! Báwo ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe wá di ẹni tó ń gbé inú àwókù? Ìdáhùn kò jìnnà sí ẹni tó ń wá a. Wọ́n ti rẹ́ bàbá àgbà jẹ ni. Jeremáyà yìí, ta ni í ṣe? Kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì kan ni, tó kọ́ àwókù yìí, tó sì kú láìfi ọmọ sílẹ̀. Nígbà náà ni àwọn Ògúnyẹmí yọ́ wọ ilé rere, wọ́n sì ti bàbá àgbà sọdá sínú ilé òkú. Kò sí ìlà kan nínú ìwé náà tó sọ bẹ́ẹ̀. Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ ló kọ ìyókù, kò sì gbà á ní wákàtí kan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbádégẹṣin gbà pé òwe náà kò kan ẹni tó ti fa ṣéènì. Àgbàlagbà wà ní ìlú tí ì bá bi, ṣùgbọ́n bí ó bá bi àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ á tàn, àwọn Ògúnyẹmí á gbọ́, wọ́n á lọ gba lọ́yà. Nítorí náà, ìwé ló lọ ń bi. Kò tilẹ̀ sọ fún Mojírádé.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí gárèèjì, ó wọ mọ́tò lọ sí Adó, ó sì wá ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí kàn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọlará ló wà níbẹ̀, ó ní sùúrù púpọ̀. Ó gbé àwọn ìwé ńláńlá kalẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó má fi itọ́ ṣí wọn. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan, ọmọbìnrin náà rán an létí pé kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀, Àkúré ni ìwé àwọn ará ibí wà. Ni Gbádégẹṣin bá tún gba Àkúré lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti kó gbogbo ìrìn àjò ilé náà jọ sínú fáìlì kan: Akíntọ́lá tó ń ra kòkó ló kọ́ ọ lọ́dún 1926, ó tà á fún Bámigbóyè agbégilódò lọ́dún 1937, Bámigbóyè tà á fún Afọláyan lọ́dún 1944. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìwé kan tó sọ pé Afọláyan tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1926 yẹn dùn ún díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí Fitóríà ti kú kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Ó pinnu pé òun kò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ki í láyà ni pé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ nǹkan kan náà: ọwọ́ ọ̀tún, bí a bá ń lọ sí ọjà. Ó ka ìyẹn sí ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Kò wá sí i lọ́kàn pé akọ̀wé kejì da ti àkọ́kọ́ kọ ni, tí akọ̀wé kẹta sì da ti èkejì kọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, òjò ń rọ̀ sínú ilé. Abọ́ mẹ́rin ni Mojírádé kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ lókè. Nígbà tó di oṣù kẹfà, abọ́ ti di mẹ́sàn-án.

"Bàbá Motúnráyọ̀," ni Mojírádé wí, "páánù yìí ò ní gba ọdún yìí já o. Ẹ jẹ́ á pe káfíńtà."

"Ní sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀? Orí ibùsùn ló ń kán sí!"

"Ẹni tó ń kó lọ kì í tún òrùlé ṣe," ni Gbádégẹṣin wí, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ta ló ń kó lọ? Kó lọ sí ibo?"

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo oko. Kò ní oko ní apá ibi tó kọrí sí.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, Blessing àti Peace ní kí wọ́n kun ilé ìyá wọn, nítorí ọgọ́rin ọdún rẹ̀. Inú Gbádégẹṣin dùn débi pé kò lè jókòó nílé. Ẹ ò rí nǹkan: ilé tirẹ̀ ni wọ́n ń bá a kùn! Ní àràárọ̀ ló máa ń lọ dúró sẹ́bàá àkàbà, tí á máa pàṣẹ fún akunlé. Ó ní ọ̀dà yẹn ti ṣàn jù. Ó ní kí wọ́n fọ ìdí fèrèsé dáadáa. Ó ní àwọ̀ ewé ni òun fẹ́ fún ilẹ̀kùn.

"Àwọ̀ búlúù ni Màmá ní ká fi kùn ún," ni akunlé wí.

"Ẹ kun búlúù náà," ni Gbádégẹṣin wí, ó sì fi ọwọ́ wọ́nú. "A ó tún un kùn tó bá yá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ ńlá dúdú kan dúró níwájú ilé. Akínpẹ̀lú ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá ọkọ Màmá Tíṣà, tó ń ṣòwò ní Àkúré. Kò wọlé kí ìyá. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ìwájú ilé láti igun dé igun, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu. Ìbínú ru bo Gbádégẹṣin lójú. Ta ni èyí tó ń fi bàtà wọn ilé onílé?

Ó sọdá kíákíá. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

"Ilé bàbá wa ni mò ń wò," ni Akínpẹ̀lú wí. "Fámílì fẹ́ tà á. Ẹnì kan fẹ́ wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù."

"Wó kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?" Ohùn Gbádégẹṣin ròkè. "Ẹ wọ mọ́tò yín, ẹ máa lọ! Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ulé yìí níṣojú mi!"

Màmá Tíṣà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó wúre fún Gbádégẹṣin títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ tí òun kọ́ kò yan òun jẹ. Nígbà tí Sátidé dé, àkàrà tó fi ránṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Gbádégẹṣin jẹ ẹ́. Ó fi omi tì í.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ó pinnu pé ó tó àkókò. Ó kọ lẹ́tà. Ó kọ́kọ́ kí Màmá, ó bèèrè àlàáfíà, ó dúpẹ́ fún àkàrà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fún un ní oṣù mẹ́ta láti kó jáde. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun kì í ṣe ìkà, ó fi kún un pé Màmá lè mú yàrá kan nísàlẹ̀, kó máa gbé inú rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Nígbà tó ka ibi tó ti fún un ní yàrá, inú rere ara rẹ̀ wú u lórí, ó rí i pé ènìyàn rere lòun.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló gbé e lọ, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú lẹ́tà náà fún Màmá Tíṣà, ó sì dìde dúró. Màmá fi awò ojú rẹ̀ sójú. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan bébà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ọwọ́ kejì lọ bá bíró pupa tó wà lórí tábìlì. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọdún márùndínlógójì tó fi ṣe tíṣà ló mú bíró. Ó ń kà á, ó ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń fi àmì sí orí èyí tí kò ní àmì. Ó kà á dé ìparí. Ó kọ nǹkan sí òkè bébà náà, ó sì yí i sí Gbádégẹṣin.

"Mẹ́rin nínú mẹ́wàá," ló wí. "O ṣì ń sáré kọ̀wé, Gbádé."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"O fún mi ní yàrá kan nísàlẹ̀. Èwo ni?"

"Èyí tó bá wù yín, Màmá."

"O ṣeun. Gbé ìwé àtijọ́ yẹn wá kí n rí i."

Gbádégẹṣin fà á yọ. Màmá Tíṣà kà á, ó sì dúró lórí ìlà kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí Gbádégẹṣin tẹ̀ lé òun. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì dúró sí àárín ọ̀nà, ní ibi gan-an tí ó dúró sí ní oṣù kẹta.

"Ọjà dà?" ni Màmá Tíṣà bi í.

Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

"Ìyẹn ni ọjà tí o bá láyé. Ọdún tí wọ́n fi mí sí ilé ìwé ni wọ́n kó o lọ síbẹ̀, 1951. Òkè lọ́hùn-ún ni ọjà wà tẹ́lẹ̀, lórí pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá mi gbé mi pọ̀n lọ síbẹ̀. Yíjú padà. Kọjú sí òkè. Ó dáa. Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ."

Gbádégẹṣin na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà nà sí páánù pípọ́n, sí igi méjì tó ti ògiri, sí ilé tí abọ́ mẹ́sàn-án wà lókè rẹ̀. Ó fi oṣù méje àti ẹ̀ẹ̀mẹrin Àkúré wá ẹni tó ni ibùsùn tó ń sùn sí.

"Nígbà tí o ń fa ṣéènì," ni Màmá Tíṣà wí, "kí ni ọ̀gá rẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè?"

"Wọ́n á ní... níbo la ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Màmá, ta wá ni Jeremáyà?"

"Bàbá ọkọ mi. Àbí o rò pé Ògúnyẹmí ni àlùfáà pè é nígbà tó ń rì í bọmi?"

Gbádégẹṣin wá ibi gbígbẹ tí yóò dọ̀bálẹ̀ sí, kò rí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀kadà méjì ló yà fún un. Ó retí kí ọ̀pá bà á lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ ni ẹkún. Màmá Tíṣà ń sunkún, ìwé 1944 náà wà láyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sókè ni Màmá Tíṣà tó sọ ohun tó mú un sunkún. Òun kò ní ìwé kan fún ilé tòun. Obì àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi fún Jeremáyà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Akínpẹ̀lú sì ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé gbogbo ọmọ bàbá wọn àgbà ló para pọ̀ kọ́ ilé náà, pé ilé ẹbí ni, pé opó tó bí obìnrin méjì kò lè dá jókòó lé e. Ìpàdé ẹbí di Sátidé tó ń bọ̀. Bí ó bá borí, wọn yóò wó ilé náà kí Kérésì tó dé.

"Èmi ò sùn láti oṣù kẹjọ," ni Màmá Tíṣà wí. "O wá mú ìwé tí mò ń gbàdúrà fún wá láti fi lé mi jáde. 'Ilé tí Jeremáyà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.' Gbádé, ìwé ilé rẹ ni ìwé ilé mi."

"Màmá, ẹ gbà á. Ẹ gba gbogbo fáìlì."

"Ìwé ò lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín wá kà á." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ká lẹ́tà tó fi bíró pupa sàmì sí, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Gba tìrẹ. Lọ tún un kọ."

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Mojírádé, kò fi ìkan bò. Mojírádé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá abọ́ kan dànù. Àfi bí ó ṣe dákẹ́ lójijì.

"Àkàrà Sátidé yẹn ńkọ́?" ló bi í. "Èyí tó di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

Mojírádé wò ó, ó sì dìde lọ da omi inú abọ́ nù. Ìyẹn dùn ún ju bó ṣe máa bú u lọ.

Ní Sátidé, àwọn Ògúnyẹmí pé sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ ilé Màmá Tíṣà, bí ọkùnrin mẹ́tàdínlógún. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni olórí ẹbí, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó bá ní kí ẹ gba obì, ẹ ti lè lọ sóko kí ẹ padà kó tó na ọwọ́ tán. Nítorí pé ìyàwó ilé kì í jókòó níbi tí ọmọ ilé bá ti ń sọ̀rọ̀ ogún, wọ́n gbé àga kan sí ìta fún Màmá Tíṣà, lábẹ́ fèrèsé. Nínú ilé tó gbé fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ìta ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á.

Akínpẹ̀lú sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Gbádégẹṣin. Ó ka ìwé náà, ó túmọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí mi orí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Akínpẹ̀lú kò gọ̀. Ó fà wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó na ìka sí ìsàlẹ̀.

"Ọjà nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún bí a bá ń lọ síbẹ̀, ilé yìí ni! A jẹ́ pé ilé tó dojú kọ ọ́, ilé ti ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, ni Jeremáyà kọ́. Ìwé yìí ò kan ibí."

Ariwo sọ. Gbádégẹṣin ṣàlàyé pé ọjà ti ṣí nípò. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òkè lọ́hùn-ún ni ọjà wà nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan láti igun pálọ̀ pariwo pé, "Ta ni ò mọ̀ pé Màmá Tíṣà ló ń fún un ní àkàrà ní gbogbo Sátidé? Ohun tó bá ní kó sọ náà ni yóò sọ! Ta ló mọ ibi tó ti rí ìwé yẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akínpẹ̀lú náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Gbádégẹṣin mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bẹ Ọlọ́run kó má débi tí òun yóò fi yọ ọ́. Ó wo fèrèsé, ó rí orí funfun Màmá Tíṣà, tí kò yíjú sẹ́yìn. Ó yọ lẹ́tà náà, ó ṣí i níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú bíró pupa àti mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka ibi tó ti dúpẹ́ fún àkàrà. Ó ka oṣù mẹ́ta. Nígbà tó ka yàrá ìsàlẹ̀, ẹ̀rín bú, ẹnì kan tilẹ̀ ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Kò dúró; ó kà á títí dé orúkọ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Oṣù méje ni mo fi wá bí n ó ṣe gba ulé yìí lọ́wọ́ ìyá yìí. Mo lọ Adó, mo lọ Àkúré. Ibi tí Akínpẹ̀lú dúró sí na ìka yẹn, mo ti dúró síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ jù ú lọ, nítorí ulé tèmi ń jò. Tí mo bá lè rí ọ̀nà tí ùwé yìí fi lè sọ pé tèmi ni, ǹ bá ti wà lókè báyìí. Èmi tí mo fẹ́ gbà á ni mò ń sọ fún yín pé Jeremáyà ló kọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí wo lẹ tún ń wá?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ gba ìwé 1944 náà, ó wò ó, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé, ó sì fi í lé orí itan rẹ̀ jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn dúró dè é.

"Ta ló gbé àga ìyàwó wa sí ìta?" ló bèèrè. "Ẹ lọ gbé e wọlé wá. Ulé ọmọ rẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni ò ní tà á."

Ọmọ ilé méjì dìde, ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin ti jáde kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Màmá Tíṣà ní òun lè gbé e fúnra òun. Kò gbà fún un. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé àga, ó fi ti òsì di ìyá náà mú, wọ́n sì wọlé.